Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Orí ìṣó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ wọn kọ́ sí
fún ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin.
Ó ti dógùn-ún díẹ̀,
ó ti fi òjìji pupa sára ògiri.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni takisí gbé wọn dé Ògòtún.
Bàbá Jeremáyà Fálóyè, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin,
kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan dán ilẹ̀ wò
bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi.
Màmá Dọ́káàsì ti ń ka ẹrù.
Àpótí méjì ni wọ́n gbé lọ,
méjì náà ni wọ́n gbé bọ̀, ọ̀kan fúyẹ́.
"Màmá, aṣọ inú èyí ńkọ́?"
"Ọyẹ́ ń mú àwọn kan níbẹ̀." Ó parí.

Makẹ́nì ni wọ́n rán wọn lọ, ní ilẹ̀ Sàró.
Láti Sàró ni ìwé ti wá bá àwọn baba ńlá wa;
Bàbá a sì máa fi ṣẹ̀fẹ̀:
"Gbèsè àtọdúnmọ́dún là ń san,
àwọn tí à ń san án fún ò mọ̀ pé àwọn yá wa ní nǹkan."
Màmá ní lọ́jọ́ tí wọ́n débẹ̀,
obìnrin kan tó ń fọ ìkòkò kí wọn pé, "Kúṣẹ̀."
"Ẹ ò rí i, uṣẹ́ wa ni!
Ọ̀rọ̀ ulé wa tó rìnrìn àjò,
tó gbàgbé bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é."

Mo ṣílẹ̀kùn fún wọn.
Kàlẹ́ńdà ṣì wà ní oṣù tí wọ́n lọ.
Ẹní tí Màmá ń hun fún Bùọ̀dá Akínlùyì wà ní kọ̀rọ̀,
ó ku ìwọ̀n apá kan kó parí.
Bàbá wò ó, kò wí nǹkan kan.
Fóònù ni wọ́n fi sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀:
èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ létí sàréè, mo na fóònù sísàlẹ̀
kí wọ́n lè gbọ́ bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe ń dún.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já ká tó ṣe Àmín.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àlùfáà ní kí Bàbá wá jíṣẹ́.
"Mo kí yín lórúkọ Olúwa."
Ó dákẹ́.
A rò pé ẹkún ló fẹ́ sun.
"Ọlọ́run kò fi wá sílẹ̀."
Ó tún dákẹ́, ó yíjú sọ́wọ́ òsì.
Kò sẹ́nì kan níbẹ̀,
àfi fèrèsé, àti òkè tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀.
Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ń rẹ́rìn-ín sínú aṣọ.

Ìgbà náà ló tó yé mi: ògbufọ̀ ló ń dúró dè.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Sórì lórúkọ rẹ̀,
tó ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Bàbá bí ẹni gba ọmọ ọwọ́,
tí í pọ̀n ọ́n dé etí àwọn ará ibẹ̀.
Ẹnu Bàbá ò mọ̀ pé a ti gbọ́.

Màmá dìde láàárín àwọn ìyá ìjọ,
gèlè rẹ̀ wọ́ díẹ̀,
ó lọ dúró lọ́wọ́ òsì ọkọ rẹ̀.
Kò túmọ̀ ohunkóhun. Kí ló fẹ́ túmọ̀ fún wa?
Bàbá a sọ gbólóhùn kan,
Màmá a mi orí,
Bàbá a tẹ̀ síwájú,
títí iṣẹ́ fi jíjẹ́ tán.

Lálẹ́ mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ fún wọn.
"Dá a padà sórí ìṣó," Màmá wí,
"ó dọ̀la. Ara wa ò tíì gbà pé a ti dé."

Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo gbọ́ ìgbálẹ̀ lódìkejì ògiri.
Mo wúkọ́. Ìgbálẹ̀ dúró.
"Kúṣẹ̀," lohùn Màmá wí.
Kí n tó rò ó, ẹnu mi ti dáhùn:
"Kúṣẹ̀, Màmá. Kúṣẹ̀ o."