Ìwé Ìwọ̀n

Ọyẹ́ ọdún yìí kò fi mọ ní ètè lílà.
Láàárín ọjọ́ méjìlá, èmi Lásúnkànmí aránṣọ,
ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Sábó ní Sáríà,
mo ṣí ìwé ìwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta
láìsí oníbàárà kankan níwájú mi.

Ojú ewé kọkànlélógójì: Tìámíyù,
tí gbogbo ìlú ń pè ní Gàjéré.
Ó ga bí òpó iná, ó ní kúkúrú lòun ń jẹ́;
láti orí orúkọ ni àwàdà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.
Ṣòkòtò: ẹsẹ̀ ọ̀tún, íǹṣì mẹ́rìnlélógójì.
Ẹsẹ̀ òsì, méjìdínlọ́gbọ̀n.
Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ní kí n rán an bẹ́ẹ̀
mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé orí yín pé?"
Ó ní, "Orí pé, ṣòkòtò ni kò gbọdọ̀ pé.
Bí ó bá pé, ta ni yóò rẹ́rìn-ín?"

Ó jáde ní gbọ̀ngàn àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè,
kò tíì la ẹnu
tí opó kan fi rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀.
Ó fi Hausa bú ara rẹ̀, ó fi Yorùbá dáhùn,
ó ní àwọn méjèèjì ò gbọ́ra wọn yé,
kí ẹnìkan bá òun wá ògbufọ̀.
Ẹ̀rín pa wá.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wí i nígbà náà: ẹ̀rín pa wá.
A ò mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ló ń pa òun.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sin ín, kí ìrun Alásárì tó tó.
Aṣọ tí wọ́n fi wé e kò ní ojú abẹ́rẹ́ kan.
Mo wò ó dáadáa, iṣẹ́ mi ni:
ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba.

Tàlátù, oníkùkúmà,
apá ọ̀tún búbá rẹ̀ máa ń kúrú ju tòsì lọ
kí aṣọ má baà kọ́ ọ̀pá tó fi ń fa okùn.
Ohùn rẹ̀, báwo ni n ó ti sọ ọ́,
bí ìgbà tí a bá fọwọ́ ya àǹkárá tuntun:
ó ń dun ni, ó sì ń dùn.
Ọdún tí ìjà dí ọ̀nà Tùdún Wàdà
ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi,
ó ń fa kùkúmà títí ilẹ̀ fi ṣú.
Àwọn tó gbé igi dé, wọ́n dúró, wọ́n gbọ́, wọ́n lọ.
N kò gba owó aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.
Ó ń bínú sí mi nítorí ẹ̀.

Dánjúmà, ọmọ tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín lórí fóònù,
èjìká nìkan ni mo wọ̀n. Ó ní òun ń bọ̀ fún ìyókù.
Ọ̀nà Kàdúná ló gbà.

Ọmọ iṣẹ́ mi ń wo Gàjéré lórí fóònù lálẹ́.
Ó ń ṣubú lórí àga, ó ń dìde.
Ó ń ṣubú, ó ń dìde.
Ọjọ́ tí kò dìde, kò sẹ́ni tó yà á.

Náírà ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.
Ìyàwó rẹ̀ wé e sínú ọ̀rá, ó gbé e wá.
Mo ní kó fi ra ṣúgà fáwọn ọmọ.
Lèmọ́mù ní gbèsè a máa di òkú lọ́nà,
kí n dárí jì í. Mo dárí jì í,
mo sọ ọ́ sókè, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́.
Ṣùgbọ́n nínú ìwé, mi ò fa ìlà lé e.
Ẹ fojú fò mí, ẹ̀yin ará.
Ẹni tó ṣì jẹ ni lówó
kò tíì lọ tán.