Rádà Inú Oko Bàbá Fálójú

Ẹ́ríàlì márùn-ún la rì mọ́lẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n,
lórí ebè tí Bàbá Fálójú ti ń gbin ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀.
Irin tẹ́ẹ́rẹ́, ó rí bí ọ̀pá tí iṣu ń fà lé,
àfi pé kò séwé kankan lára rẹ̀.
Bàbá ni olùṣọ́ ibẹ̀ báyìí.
Ó ní tọ́ọ̀ṣì, ó ní àdá, ó ní rédíò kékeré kan
tí kì í mú ibì kankan tó bá ti di òru.

Ó bi mí lálẹ́ àkọ́kọ́:
"Ìbíjọkẹ́, ṣé òjò lẹ ń wò ni?"
Mo ní rárá.
"Bààlúù ńkọ́?"
Rárá, Bàbá. Ìgbì ni.
Ó wo òkè, ó wò mí.
"Ìgbì. Ní Èkìtì tí kò lókun."

Mo jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì, mo là á yé e bí mo ṣe lè ṣe é.
Mo ní, ẹ̀fúùfù tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Iléṣà
kò mọ̀ pé òkè dúró dè é.
Ó kọlu Ẹ̀fọ̀n, ó ta sókè,
ilẹ̀ fà á padà, ó já kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí,
afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ tún gbé e sọ,
sókè, sódò, bí ọmọdé lórí jangirọ́fà.
Mìmì yẹn kì í kú síbẹ̀.
Ó ń gòkè. Bó ti ń gòkè lafẹ́fẹ́ ń fúyẹ́,
bí afẹ́fẹ́ sì ti ń fúyẹ́ lòun náà ń tóbi,
títí ohun tó jẹ́ ìmí lásán lẹ́bàá àpáta
fi di òmìrán ní àádọ́rùn-ún kìlómítà.

"Ta ló gun ibẹ̀ lọ wò ó?"

Kò sẹ́ni. Bààlúù kì í débẹ̀, ká má tíì sọ ti ẹyẹ.
Ìràwọ̀ tó ń já la fi ń mọ̀ ọ́n.
Òmíràn ò ju hóró iyanrìn lọ;
á jóná, á fi ìlà kan sílẹ̀ bí èéfín ìṣáná.
Rádà á ké sí ìlà yẹn, ìlà á dáhùn,
kí o tó ṣẹ́jú, ẹ̀fúùfù ti ń gbé e lọ.
Ibi tó ń gbé e lọ, bó ṣe ń yára tó,
ìyẹn ni mo ń kọ sílẹ̀ tílẹ̀ fi ń mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ ti jẹ wáyà,
jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́, mo ti fẹ́ pa gbogbo ẹ̀ kí n lọ sùn,
ni ìgbì kan bá yọ lójú kọ̀ǹpútà.
Mo pe Bàbá. Ó fìka tọ ìlà náà,
sókè, sódò, sókè,
ìka tí pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ò kúrò léèékánná rẹ̀.
Lẹ́yìn náà, ìlà dà rú.
"Ó kú?"
Ó fọ́ ni, Bàbá. Òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ń fọ́ sí.
Agbára tó gbé kúrò ní Ẹ̀fọ̀n kò ṣòfò;
ó kó o fún ẹ̀fúùfù tó bá níbẹ̀,
ẹ̀fúùfù yẹn a sì yà kúrò lọ́nà tó ń tọ̀.

Ó dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.
Ó wá ní, lọ́jọ́ tí wọ́n ní ìyàwó òun kò sí mọ́,
òun gun àpáta ẹ̀yìnkùlé, òun lọgun,
kò sẹ́ni tó dáhùn.

Mo mọ̀ pé igbe èèyàn kì í débẹ̀.
Ìwé tí mo kà kò gbà bẹ́ẹ̀.
Mo di wáyà tí ewúrẹ́ jẹ, n ò wí nǹkan kan.

"Èyí tó fọ́ yìí," ó ní, "apá ibo ló yà sí?"
Ìlà-oòrùn, Bàbá.
Ó mi orí.
"Ọ̀nà Adó nìyẹn.
Ọsibítù Adó ni wọ́n gbé e lọ."
Ó gbé tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó lọ lé ewúrẹ́.