Mójúkúrò, Máa Bọ̀

Ọmọ mi ló gbé e wá láti Àkúrẹ́ nínú páálí ọṣẹ,
ó ní kí n má dá nìkan gbé Ìsọ̀kùn mọ́.
Oṣù mẹ́ta péré. Etí kan nàró, èkejì ṣì ń ronú.
Mo sọ ọ́ ní Mójúkúrò.
Ẹ mọ bí a ṣe ń sọ ajá lórúkọ nílẹ̀ yìí:
ajá ló ń jẹ́ ẹ, ará ilé kejì ló ni ín.
Ọdún kẹrin rèé tí èmi àti Bàbá Akínlùyì
ti ń wo ara wa bí ẹni ń wo òjò tó ṣú tí kò rọ̀,
nítorí ògiri kan, bíríkì mọ́kànlá,
tó yà wọ ilẹ̀ mi díẹ̀.

Okùn ẹrù bàbá bàbá mi ni mo fi so ó,
èyí tó fi ń di aṣọ rù kiri ìlú onílùú.
Lọ́jọ́ kìíní, ajá ló mú mi rìn.
Ó fà mí kọjá ilé oníkẹ̀kẹ́, ó fà mí wọ gọ́tà,
bàtà mi kan kù sẹ́yìn,
àwọn ọmọ iléèwé ń kí mi: "Màmá, ẹ kú eré sísá o!"

Lọ́jọ́ kejì mo gbọ́n.
Bó bá fà, mo dúró. Igi ni mí.
Okùn le, mi ò lọ.
Okùn dẹ̀, ó di ẹsẹ̀ kan, ó di méjì,
òkèlè iyán bíńtín bọ́ sílẹ̀ láti àpò mi.
(Ajá Ìjẹ̀ṣà ni, kì í jẹ bisikíìtì.)
Ẹni tó ń lọ sí Ẹ̀rẹ́jà kọjá lára wa,
ó ra epo, ó bọ̀, ó tún bá wa níbẹ̀.
Ó ní, "Ṣé kò sí o?"
Mo ní, "Ẹ̀kọ́ ni."

Rírìn rọrùn. Ìpè ló le.
Mo tú okùn ní pápá ẹ̀yìn iléèwé,
mo ní, "Mójúkúrò, máa bọ̀!"
Ó wò mí. Ó rí ewúrẹ́. Ó yan ewúrẹ́.
Gbogbo àdúgbò ti mú òwe yẹn dání:
ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Mo gbọ́. Àmọ́ ta ló bi ọdẹ léèrè rí
ọjọ́ tó kọ́ ajá ní fèrè,
bóyá inú ń bí i nígbà tó ń fọn ún,
bóyá ó nà á lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ padà?
Èmi náà na Mójúkúrò lẹ́ẹ̀kan, mo jẹ́wọ́.
Ó sá lọ, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá,
mo fi bàtà gbà á létí.
Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, orúkọ rẹ̀ ló ń sá fún.

Oṣù Ìwúdè sì ń bọ̀.
Mo mọ ohun tí ajá tó ń rìn gbéregbère
lè dà lọ́wọ́ àwọn ọmọ alágbẹ̀dẹ.
Oorun dá lójú mi.

Ìgbà náà ni mo rántí ẹni tó ni okùn.
Ó tajà láwìn, ó padà lọ gbowó;
kò pariwo, kò lérí,
ó kàn lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
òṣó ni màá ló gbowó mi.
Ní Sátidé, mo lóṣòó láàárín pápá,
orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́,
mo dojú kọ ilẹ̀, mo ní, jẹ́jẹ́,
"Mójúkúrò. Máa bọ̀. Ó ti tán."

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi.
Ó wúwo ju ti ajá lọ.
Bàbá Akínlùyì ni, tọ̀pá tọ̀pá, láìdé fìlà.
"Oṣù méjì ni mo ti ń gbọ́ ọ lójú fèrèsé," ó ní.
"Òní lẹ kọ́kọ́ pè é bí ẹni tó fẹ́ kí n jẹ́ yín."

Kí n ti wí? Òkèlè iyán wà lọ́wọ́ mi.
Ó lóṣòó tì mí, díẹ̀díẹ̀, ó ń kérora.
Àgbà méjì nínú koríko, a ò dárúkọ ògiri.
Ewúrẹ́ kọjá.
Ní ọ̀ọ́kán, etí kan nàró.
Èkejì náà nàró.