Bàbá Àgbà Bẹ̀rẹ̀

Oṣù kẹfà ni wọ́n wá gba rédíò Bàbá àgbà,
nígbà tí ìrì dídì ń bo pápá Karoo bí irun tí àgùntàn bọ́ sílẹ̀.
Ọkùnrin méjì, ọkọ̀ funfun kan.
Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n nawọ́ ìwé sí i, ó tẹ̀ka.
Wọ́n ní àwo ńláńlá tí ìjọba gbìn sínú aṣálẹ̀ wa
kò fẹ́ ariwo, kò fẹ́ fóònù, kò fẹ́ rédíò;
ohun tí wọ́n ń dẹ etí sí jìnnà,
ohùn rẹ̀ kò sì tó ti èèrà tó ń rìn lórí òwú.

“Kí ni wọ́n fẹ́ gbọ́?” ni Floris Kammies bi mí,
èmi ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń so wáyà mọ́ ẹsẹ̀ àwo.
Mo ní, “Ìbẹ̀rẹ̀ àgbáálá ayé. Tàbí ìdájí rẹ̀.”
Ó wo àgùntàn tó há sáàárín orúnkún rẹ̀,
ó mú àlùmọ́gàjí,
ó bẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.
Ọgọ́ta ọdún ló ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí.
Ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà á láyè láti nà tán mọ́.

Mo sọ ohun tí Dókítà Nomvuyo sọ fún wa nídìí oúnjẹ ọ̀sán:
pé òkè yìí, àgùntàn yìí, ìwọ, ìràwọ̀ tó kángun sí ẹ̀yìn,
gbogbo wa ti fìgbà kan há sínú ohun tí kò tó ojú abẹ́rẹ́,
ó gbóná, ó ki.
Kò bú gbàmù bí ìbọn o, Bàbá. Ó wú.
Bí irun tí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ sínú àpò, tí okùn wá já:
irun ń wú, àpò ń wú,
kò sì sí ìta kankan tí àpò náà ń wú sí.

“Ta ló já okùn?”
A ò mọ̀.
“Kí ló wà kí wọ́n tó di àpò?”
Nomvuyo ní ó lè jẹ́ pé kò sí “kí wọ́n tó”,
pé àkókò pàápàá wà nínú àpò.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
“Ọmọ yìí, àgùntàn wo ni kò ní ìyá?”

Mo ní àwọn kan ti sọ rí pé kò níbẹ̀rẹ̀ rárá,
bó ṣe wà náà ló ṣe máa ń wà; ẹ̀rí kò gbè wọ́n.
Àwọn mìíràn ní ayé kan ló ti sún kì
kí tiwa tó fẹ̀: a rẹ́ ẹ, ó hù, ó hù, a rẹ́ ẹ.
“Ìyẹn yé mi,” ló wí,
ó sì tú àgùntàn náà sílẹ̀, ìhòòhò, ó ń gbọ̀n.

Ohun kan wà tí mi ò sọ.
Láàárín ilé iṣẹ́ rédíò kan sí èkejì,
níbi tó ti máa ń yí bọ́tìnnì lálẹ́, tó ń wá orin,
ṣìììì tó máa ń dún yẹn,
díẹ̀ nínú rẹ̀, bíi fún iyọ̀ kan nínú ìkòkò ọbẹ̀,
ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ni, tó ti rìn títí tó fi tutù,
ọdún bílíọ̀nù mẹ́tàlá àti lé,
kó tó wọ ilé ìdáná wa.
Ìyá àgbà Katrien á pariwo láti orí ibùsùn:
“Pa nǹkan yẹn! Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.”

Ó ti kú báyìí. Rédíò ti lọ.
Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí àwọn àwo.
“Ṣé wọ́n ti gbọ́ ọ?”
“Wọn ò tíì gbọ́ ọ.”
Lórí pẹpẹ, ojú ibi tí rédíò wà ṣì mọ́ ju ibi yòókù lọ,
onígun mẹ́rin, láìsí eruku.
Kò jẹ́ kí n gbé ife sí i.