Ẹni Tó Hun Àwọ̀n

Èmi ni mo ń hun àwọ̀n tó rọ̀ mọ́ òrùka irin
ní pápá básíkẹ́ẹ̀tì yunifásítì, lẹ́yìn Tánkẹ̀.
Òwú ọ̀rá ni, kì í ṣe sányán,
ṣùgbọ́n ọwọ́ tó wà nídìí òfì ní Pàkátà fún ogójì ọdún
kò mọ kókó àdàbọwọ́ ta.
Kóòṣì Ìṣọ̀lá á ránṣẹ́: "Bàbá, wọ́n tún ti já a."
Mo mọ ẹni tó já a kí n tó débẹ̀.

Ṣúàíbù ọmọ Òkèlele, ó ga bí òpó iná;
tó bá fò, o lè bu omi mu kó tó balẹ̀.
Kì í ju bọ́ọ̀lù, ṣe ló ń kì í wọlé
bí ẹni ń ti iṣu bọ àpò.
Kókó mẹ́ta á já, àwọn ọmọbìnrin á pariwo.

Ọlátinwọ́ ará Omù-Àrán kò ga jù mí lọ,
èmi tí òfì ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ba.
Bọ́ọ̀lù tiẹ̀ kì í kan irin.
Á wọlé bí ọ̀kọ̀ ṣe ń gba àárín òwú kọjá,
àwọ̀n á kàn sọ pé ṣà, ó tán.
Láti ọdún tó ti dé, kò tíì já fọ́nrán kan.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ n gbàgbé Káwù.
Orí bẹ́ǹṣì ló ń gbé, ó ń pín omi,
ó mọ ẹsẹ̀ tí oníkálukú fi ń fò.

Ọkùnrin kan ti Èkó dé lóṣù Ẹrẹ́nà,
ó ní òun ń wá ẹni tí yóò máa gbá a jẹun,
lókè òkun pàápàá, bí Ọlọ́run bá fẹ́.
Pápá pín sí méjì.
Àwọn kan ní Ṣúàíbù, ṣebí ẹnìkan kì í kọ́ni ní gíga ní kíláàsì.
Àwọn kan ní Tinwọ́, ojú ló ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ kàn ń gbé e kiri ni.
Ẹnì kan ní àwọn tó ga bíi Ṣúàíbù pọ̀ lọ́hùn-ún bí ìrẹsì;
òmíràn ní ta ló rí ẹni tó kúrú bíi Tinwọ́ lọ́hùn-ún rí?
Wọ́n fẹ́ẹ̀ jà.
"Bàbá aláwọ̀n, ẹ̀yin ńkọ́?"

Ọkùnrin Èkó ti yọ tépù.
Ó ní kí Ṣúàíbù na apá,
ó wọ̀n ọ́n láti ìka dé ìka, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ gan-an ni oníbàárà ṣe ń wọn aṣọ lọ́wọ́ mi,
kò sì sí èyí tó bi aṣọ léèrè ibi tó wù ú kó lọ.

Kí ni kí n sọ?
Mo ti rí òwú tó ń dán yinrin tó já ní ìfà kìíní.
Mo ti rí òwú ṣákiṣàki tó bo ọba lára.
Èmi àti Yísá la jọ kọ́ṣẹ́, ọwọ́ mi yá ju tiẹ̀ lọ,
ọ̀gá wa sọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀.
Yísá ló dé Àbíjáàn, òun ló kọ́lé alájà méjì;
èmi nìyí, mò ń hun ọ̀rá.
Mo ní, "Ẹ bi Káwù."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Káwù kò rẹ́rìn-ín.
Nígbà tí wọ́n tú ká tán ló sọ fún mi
pé orúnkún òsì Ṣúàíbù ń dùn ún láti ìgbà ọyẹ́.

Wọ́n mú Ṣúàíbù lọ. Ìyá rẹ̀ dín mọ́sà yí Òkèlele ká.
Lẹ́yìn ìrun alẹ́, mo tọrọ àánú fún orúnkún kan;
Ọlọ́run mọ orúnkún tí mò ń wí.

Lánàá mo lọ ta kókó tuntun.
Ilẹ̀ ti ń ṣú, iná kan ṣoṣo ló tàn.
Tinwọ́ nìkan ló wà níbẹ̀,
ó fi bàtà tẹ ìwé ìdánwò rẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e.
N kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà tó fi ní,
"Bàbá, ṣé kí n dán an wò?"
Mo ní kó jẹ́ n yọwọ́ ná.
Kò dúró.
Ṣà.
Ó gba àárín ọwọ́ mi méjèèjì kọjá.