Afẹ́fẹ́ Tí Wọn Ò Fẹ́

Nọ́ńbà Méje, o kú ìdúró.
Èmi Otasília ni, opó Valdemíro,
tí ilé rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ bí ilé èèrà.
Ẹ̀yin mẹ́rìnlá lẹ tò sórí òkè Sẹridó,
ṣùgbọ́n ohùn tìrẹ nìkan ni mo mọ̀:
o ń mí bí ẹni tó sùn tí imú rẹ̀ dí.

Ọkọ mi ló fọwọ́ sí ìwé rẹ.
Kò mọ̀wé. Ó ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà,
ó tẹ̀ ẹ́ síbi tí ọmọkùnrin onítáì nàka sí,
ó wá fi ìyókù nu ara ògiri.
Àmì náà ṣì wà níbẹ̀, lókè ìkòkò omi.
Ọdún márùndínlógójì, ni ìwé wí.
Ó rẹ́rìn-ín: "Ta ni yóò kà á débẹ̀?"
Òun kò ka méjì.

Kí o tó dé, tiwa ni afẹ́fẹ́ yìí.
Ní oṣù kẹfà, tí ẹ̀wà bá gbẹ,
a ó tẹ́ àpò sílẹ̀, a ó fi igi lù ú,
a ó gbé igbá ga ju orí lọ,
afẹ́fẹ́ á mú èèpo, á fi ọmọ sílẹ̀ fún wa.
Kò bèèrè àtàǹpàkò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Lọ́jọ́ kan afẹ́fẹ́ ń fẹ́, èmi ń fẹ́ ẹ̀wà,
ọkùnrin kan tó ń da ewúrẹ́ mẹ́fà kọjá dúró,
ó ní òun fẹ́ mi.
Eruku èèpo kún ìpéǹpéjú rẹ̀.
Mo rò pé ẹkún ni.

N kò bú ọ o. Owó rẹ ló ra eyín tí mo fi ń jẹun,
ó ra páìpù tó ń gba omi òjò láti orí òrùlé sínú àmù sìmẹ́ńtì
fún ọdún tí òjò bá rántí wa.
(Lọ́dún yìí Ọjọ́ Jósẹ́fù Mímọ́ kọjá, ojú ọ̀run mọ́ kedere.
Igbá méjì péré ni gbogbo ẹ̀wà mi.)
Adìyẹ mi ni kò tíì dárí jì ọ́:
láàárọ̀, òjìji apá rẹ ń gé àgbàlá,
àṣá ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógójì níṣẹ́jú kan.
Wáyà rẹ sì gba òkè òrùlé mi lọ sétí òkun,
bí ọmọ tó re ìlú ńlá tí kò bojú wẹ̀yìn;
alẹ́ Sátidé, àbẹ́là ni mo fi ń wá bàtà.

Àwọn ewúrẹ́ ló gbọ́n.
Igi umbú ti wọ́wé, kò síbòji
àfi òjìji rẹ tó tín-ín-rín bí okùn.
Wọ́n tò sínú rẹ̀, imú èkejì nídìí èkíní,
bí oòrùn ti ń yí ni wọ́n ń yí.
Mo kàn ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà, mo ti mọ aago tó lù.

Ní Ọjọ́bọ̀, o dúró.
Afẹ́fẹ́ ń já ìborí mi gbà, o dúró.
Gledisón ọmọ Neusa sọ̀ kalẹ̀ láti inú ikùn rẹ,
mo bu omi fún un nísàlẹ̀ àmù, níbi tó ti tutù.
"Kò ṣàìsàn, Ìyá. Ọ́fíìsì ló ní ká dá a dúró.
Iná ti pọ̀ jù lórí wáyà lónìí.
Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ yìí, wọn ò fẹ́ ẹ."

Mo ní kó tún un sọ.
Nílẹ̀ yìí, tí ohunkóhun kò tíì pọ̀ jù rí,
àyàfi òkúta!

Mo wọlé lọ gbé igbá.
Gledisón di etí àpò mú; iṣẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń ṣe,
kò sì rí i rí kí wọ́n fẹ́ ẹ̀wà.
Ọwọ́ mi gbọ̀n. Ẹ̀wà ń rọ̀ sílẹ̀,
ó dún bí òjò tó ń ronú àtirọ̀.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, wọ́n tún fẹ́ ọ, o tún ń yí.
Èèpo kan lẹ̀ mọ́ ọ lára ọ̀dà funfun yẹn,
kò ga ju èjìká mi lọ.
N kò ní nù ún.