Sítíárì Onígi

Ọdún tí bàbá mi fi iṣẹ́ pákó sílẹ̀
ló ra Jágúà aláwọ̀ ewé kan, tòkunbọ̀,
ó gbé e wọ Ìjàpọ̀ nírọ̀lẹ́
kí gbogbo àdúgbò lè rí i dáadáa.
Kò sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Kò sọ̀rọ̀ táyà.
"Ẹ wo sítíárì," ló ń wí. "Igi ni o. Igi gidi."

Ọkùnrin tó fi ogójì ọdún gé ìrókò,
tó mọ òórùn apá yàtọ̀ sí ti ọ̀gànwó,
tí yóò fọwọ́ gbá ìtì igi lẹ́ẹ̀kan péré
tí yóò ní, "Inú èyí ti rà,"
òun ló wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra igi bíńtín lára
bí ẹni ń ra orí ọmọ tuntun.

Mo jẹ́wọ́: ó wu èmi náà.
Láàárọ̀, bí oòrùn bá gba ojú gíláàsì wọlé,
àwọn ìlà inú igi a máa rìn bí oyin tó ń ṣàn,
kókó kan sì wà lápá òsì
tó dà bí ojú ẹni tó fẹ́ bi ọ́ léèrè ibi tí ò ń lọ.
Rọ́bà kì í bi èèyàn ní nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wà á lóṣù kẹta.
Ẹ gbé e sínú oòrùn ní Alágbàká di aago méjì,
kí ẹ wá di sítíárì náà mú,
ẹ ó rò pé agbada àkàrà lẹ gbá mú.
Bí òógùn bá bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ńkọ́?
Igi a di ẹja àrọ̀.
Ní kọ́nà Ìdànrè, níbi tí àpáta ti ń wo ni látòkè,
ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.
Mo pe Jésù, mo pe ìyá mi,
ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló yan ibi tó dúró sí.

"Awọ kì í yọ̀ báyìí," mo wí fún un lálẹ́.
"Kí ni awọ mọ̀?" lèsì rẹ̀.

Ọyẹ́ ló ṣe ohun tí n kò lè ṣe.
Ètè gbogbo wa là lọ́dún náà,
sítíárì sì là pẹ̀lú wa,
láti ibi aago mọ́kànlá dé ibi aago kan,
ìlà tín-ín-rín, bí irun.
A gbé e lọ bá Akíngbàsọ́tẹ̀, káfíńtà ọ̀nà Ọ̀dà,
oníbàárà bàbá mi látijọ́.
Ó wọ awò, ó fi ṣísù kékeré tọ́ ojú ọgbẹ́ náà,
ó wá ń pa ẹ̀rín mọ́ra.
"Bàbá, irin ló wà nísàlẹ̀.
Igi yìí ò nípọn ju ìpẹ́npéjú lọ.
Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn."

Lẹ́yìn odi, ẹ̀rọ ìlagi ń ké.
Bàbá mi dúró dè é títí ó fi dákẹ́.
"Ṣé igi ni àbí kì í ṣe igi?"
"Igi ni, sà."
"Ó parí nìyẹn."

Kò gbà kí wọ́n fi awọ bò ó.
Mo bínú. Lẹ́yìn náà ni mo rántí
pé àga oníke la fi ń jẹun nílé wa
títí mo fi wọ yunifásítì.
Gbogbo igi tó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, títà ló tà á.
Èyí nìkan ló rà fún ara rẹ̀,
ìlú òyìnbó ni wọ́n sì ti gé e.

Ojú rẹ̀ ò ríran tó mọ́; èmi ni mò ń wà á.
Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, lọ́nà Òǹdó,
ó ń ka orúkọ igi tó kù létí títì.
Kì í pẹ́ tó fi ń kà á tán.
Mo ti fi ìnujú wé apá ọ̀tún nítorí òógùn,
ṣùgbọ́n mo fi ibi tó là sílẹ̀ lásán.
Àtàǹpàkò mi ti mọ̀ ọ́n.